Oorun Kan, Fáìlì Mẹ́sàn-án

Nẹ́pà mú iná lọ, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀,
Ẹ̀pẹ ṣú dé etí ọ̀sà.
Bátìrì mi ku ìdá mọ́kànlélógójì.
Mo jókòó sí fàráńdà bàbá mi ní Òkè-Balógun,
mò ń ka kóòdù tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní oorun sísùn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ń sùn.
Láàárín lẹ́tà kan sí èkejì tí mo tẹ̀,
ọpọlọ rẹ̀ kò ríṣẹ́ ṣe, ó tòògbé.
Bí mo bá dúró ronú, á sùn.
Bí mo bá dìde lọ mu omi,
á sùn wọra, á pa gbogbo iná inú ilé,
á fi ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo sẹ́nu ọ̀nà
tí yóò jí i bí ìka mi bá kan bọ́tìnì.
Èyí tí kò mọ oorun sùn
á jẹ bátìrì bí iná ọyẹ́ ṣe ń jẹ koríko.

Ẹnìkan ló kọ́kọ́ kọ kóòdù oorun yìí.
Ẹlòmíràn dà á kọ fún ẹ̀rọ tirẹ̀,
ó yí orúkọ òkè padà, ó bá tirẹ̀ lọ.
Ẹnì kẹta da ti ẹnì kejì kọ.
Fáìlì mẹ́sàn-án ló wá wà níwájú mi:
ka ìpele oorun, forúkọ wọn sílẹ̀,
yí ká àwọn ọpọlọ níkọ̀ọ̀kan,
bí ọ̀kan bá kọ̀, tú ohun tí o ti dì.
Ṣùgbọ́n a kò tú u.
Ìlà kọkànlélógún, nínú gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Mo mọ àṣìṣe tó ń rìn báyìí.
Bàbá mi ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe.
Ó ní ìwé kékeré kan,
bí a ṣe ń pa ẹ́ńjìnnì kí ó má mu epo lásán
nígbà tí apẹja bá ń dúró de àwọ̀n.
Rábíù dà á kọ. Mùṣílíù da ti Rábíù kọ.
Ọ̀nàbánjọ da ti Mùṣílíù kọ, oorun ń kùn ún lójú.
Bàbá gbàgbé ìlà kan péré:
dé ihò afẹ́fẹ́ orí táǹkì.
Òjò òru kan, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin kọ̀,
omi ti bá epo dọ́rẹ̀ẹ́.
Bàbá tún ìwé tirẹ̀ ṣe, ó tún ti Rábíù ṣe, ti Mùṣílíù.
Ti Ọ̀nàbánjọ ti lọ sí Ìgbòkòdá,
tòun ti omi inú rẹ̀.

Mo ṣí fáìlì tuntun.
Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo tú ìdì náà níbi tó yẹ.
Mo wá ń pa: ọgọ́ta ìlà, ọgọ́ta mìíràn,
ara mi ń fúyẹ́ bí ẹni ń sọ ẹrù sílẹ̀.

Mo dé orí ìkeje, mo bá àjèjì ọ̀rọ̀:
dúró díẹ̀ kí o tó ti ilẹ̀kùn.
Kò sí ìdí, kò sí àlàyé. Mo pa á.
Mo yọ bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan nínú agolo mílíìkì, mo dán an wò.
Ó sùn.
Kò jí.
Mo tẹ̀, mo tún tẹ̀, òkúta ni.

Táíwò jọ Kẹ́hìndé, àmọ́ inú ń run ọ̀kan, èkejì ń jẹun.
Mo dá ìlà náà padà fún ẹni tó ni ín,
mo sì kọ́ kóòdù tuntun láti máa bèèrè:
ǹjẹ́ o ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ kí o tó sùn?

Ìdá mẹ́sàn-án ló kù.
Bàbá húkọ́ nínú yàrá.
“Kúbúrà, o ò tíì sùn?”
“Ó ku ẹyọ kan, Bàbá.”
Kò dáhùn. Mo gbọ́ tí ó jáde sẹ́yìnkùlé,
tí ó ń fọwọ́ tá ìdérí kẹ́ẹ̀gì epo nínú òkùnkùn,
bóyá ó dé.